Láti Peckham Dé Ààfin Ọba Tó Ń Fetí Kàwé

Aago mẹ́rin ìdájí kò tíì lù tí mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi ní Peckham, àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, pásípọ́ọ̀tù wà lápò àyà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì nílùú London kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá sì ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn pẹ́ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ lẹ́yìn mọ́. Takisí dé lásìkò. A yà sí East Dulwich láti gbé àbúrò mi ọkùnrin, òun náà sì fi wá sílẹ̀ níwájú ilé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo kà á. Nígbà tó jáde, ó ní òun ń gbàdúrà ìrìn-àjò lọ́wọ́ ni. Mo ní èmi ti gba tèmi kí n tó sùn.

Ràṣídì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti di Kìrìsìtẹ́nì, Pásítọ̀ Dáníẹ́lì ni gbogbo ayé ń pè é. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀. Ràṣídì ni mo ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ọmọbìnrin mi ló ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún mi, kí èmi àti ìyá rẹ̀ lọ wo India, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ará India ṣiṣẹ́ ní gáréèjì ni mo ti ń fẹ́ dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun kò lè jókòó wákàtí mẹ́sàn-án lójú òfuurufú. Ó ní kí n mú Ràṣídì lọ, bóyá tí a bá há sójú kan náà, a ó sọ̀rọ̀. Lásìkò yẹn, ọ̀rọ̀ èmi àti Ràṣídì kì í kọjá ẹ kú àárọ̀.

Ohun tó fà á rèé. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn ọjà wa ní Peckham tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa ló gba ilé náà lọ́wọ́ onílé, èmi sì ni alága. À ń kírun níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, ìjọ Ràṣídì ń lò ó lọ́jọ́ Ìsinmi, ọdún mẹ́fà sì ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀ láìjà. Nígbà tí Ramadan tó kọjá kù díẹ̀ kó wọlé, àwọn ìyá ìjọ ní àwọn fẹ́ ṣe wá lóore. Wọ́n fọ kápẹ́ẹ̀tì ìrun wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mọ́ tónítóní. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí! Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ràn, ì báà ṣe mọ́tò, ì báà ṣe ilé tuntun, ì báà ṣe bírò tí ọmọ fẹ́ fi ṣe ìdánwò, wọ́n mú òróró ólífì tí wọ́n ti gbàdúrà sí, wọ́n ta á sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kápẹ́ẹ̀tì náà. Ọjọ́ Jímọ̀ dé, a rí àbààwọ́n òróró, ilé dàrú. Àwọn kan ní wọ́n ti fi nǹkan sábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Àwọn kan ní ọgbọ́n àti fi àtẹ́lẹsẹ̀ sọ wá di Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kí ìjọ náà kó jáde, ó wá ku kí alága fọwọ́ sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ti India dé.

Ràṣídì mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ náà wà. Èmi náà mọ̀ pé ó mọ̀. A jókòó ti ara wa láti Heathrow dé Delhi, a kò sọ ju "Ṣé ẹ fẹ́ omi?" lọ.

A sùn sí Delhi lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ tí ọmọ mi ti bá wa háyà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Suresh, wá gbé wa lọ sí Fatehpur Sikri, ìlú àtijọ́ kan lẹ́yìn Agra. Ẹ̀yin ará ilé, mo ti wa bọ́ọ̀sì gba Elephant and Castle nígbà tí wọ́n hú gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, mo rò pé mo ti rí ìrìn ọkọ̀. Irọ́ ni. Ìlà tí wọ́n kùn sójú títì Delhi, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Lẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jọ̀wọ́ fọn fèrè, wọ́n sì ń fọn ọ́ tọkàntọkàn. Màlúù kan dùbúlẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó ń jẹun padà lẹ́nu. Gbogbo ọkọ̀ ń yà fún un, kò sẹ́ni tó bú u. Nígbà tí a bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Agra, ilẹ̀ tẹ́jú débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

A dúró jẹun lọ́nà. Paratha ni wọ́n gbé fún wa, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, tí wọ́n gún ọ̀dùnkún àti ata sínú rẹ̀. Wọ́n bu tíì oníwàrà tí wọ́n fi atalẹ̀ sè sínú ife amọ̀ kékeré. Ogún rúpìì ni ife kan. Tíì kan lásán ní Lordship Lane, ládùúgbò Ràṣídì, ju ọ̀ọ́dúnrún rúpìì lọ, kò sì ní atalẹ̀. Tí o bá mu tíì náà tán, o máa fọ́ ife mọ́lẹ̀ ni, torí kò sẹ́ni tó ń mu nínú ife ẹlòmíì. Ràṣídì kọ̀ láti fọ́ tirẹ̀. Ó nù ún, ó fi sí báàgì fún ìyàwó rẹ̀.

Ère kékeré kan wà níwájú Suresh nínú ọkọ̀, olórí erin, òdòdó sì wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìgbà tí Ràṣídì ti rí i ló ti ń ka nǹkan sábẹ́ ètè, tó di ojú pọ̀.

Suresh wò ó nínú dígí. Ó bi mí pé, "Sà, ṣé òòyì ọkọ̀ ń kọ́ wọn ni?"

Mo ní, "Rárá o. Wọ́n ń bá ẹni tó wà níwájú rẹ yẹn jà ni."

Suresh rẹ́rìn-ín. Kò bínú rárá. Ó sọ fún wa pé ọdún méje rèé tí òun ti gbéyàwó, ọmọ kò tíì dé, òun sì láyọ̀ pé Sikri ni à ń lọ, torí òun náà ní ẹ̀bẹ̀ kan níbẹ̀. Èmi kò mọ ohun tó ní lọ́kàn, mo kàn ṣe àmín fún un. Ràṣídì náà ṣe àmín, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ní Sikri, wọ́n ní kí ọkọ̀ dúró nísàlẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré kan ló ń gbé èèyàn gòkè, Suresh sì bá wa wọ̀ ọ́. Awakọ̀ rẹ̀ ń yà lójijì ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì sọ fún un. Owó ìwọlé tí àlejò ń san ju ẹgbẹ̀ta rúpìì lọ, àwọn ọmọ ilẹ̀ India kò san tó ọgọ́rùn-ún. Ràṣídì ní, "Ẹ̀gbọ́n, this one na discrimination." Mo sanwó, mo ní kó má dójú tì mí.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Rafíkì ló mú wa yí ká. Mùsùlùmí ni, ó dé fìlà funfun, ó ṣí agboòrùn dúdú lójú oòrùn, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì já gaara. Ó ń pe ọba tó kọ́ ìlú náà ní Bàdíṣà, Kábíyèsí ni lédè wọn. Níwọ̀n bí a kì í ti pe ọba lórúkọ nílẹ̀ wa, Kábíyèsí ni èmi náà yóò máa pè é níbí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì níta, mo ti rí ilé alárà lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò padé nígbà tí a wọlé. Odidi ìlú, òkúta pupa látòkè délẹ̀! Òpó lórí òpó, wọ́n gbẹ́ ewé àti òdòdó sára wọn bí ẹni pé igi rírọ̀ ni. Ilé alájà márùn-ún kan dúró tí kò ní ògiri, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Rafíkì ní kò ju bí ọdún mẹ́rìnlá lọ tí Kábíyèsí fi gbé ibẹ̀, lẹ́yìn náà ló kó lọ, ìlú sì dá. Láti ayé ìgbà náà, ó ti lé ní irínwó ọdún, òkúta wọ̀nyí kò yẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó gbóná bí ara èèyàn. Bí a kò bá rìn jìnnà, lóòótọ́, a kì í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Àmọ́ ìtàn ọba náà ló wá mú mi ju òkúta lọ. Mùsùlùmí ni, ọmọ Mùsùlùmí, ó sì jọba lé orí àwọn èèyàn tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Owó orí wà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ṣe Mùsùlùmí. Ó ní kí wọ́n yé gbà á. Owó kan tún wà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù tí wọ́n bá ń lọ síbi mímọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n yé gba ìyẹn náà. Ó fẹ́ ọmọ ọba Híńdù, kò sì ní kó yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà. Àṣẹ tó fi ń ṣèlú, Rafíkì pè é ní sulh-i-kul, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo èèyàn pátá.

Ràṣídì béèrè pé, "Ìwé wo ló kà tó fi rí gbogbo èyí?"

Rafíkì ní, "Kò mọ̀wé kà."

Àwa méjèèjì dúró.

"Kò mọ̀wé kà," bàbá náà tún sọ. "Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ló wà ní ààfin rẹ̀, wọ́n ń kà á sí i létí lójoojúmọ́. Etí ló fi ń kàwé."

Ó mú wa lọ síbi òkìtì kan tí òkúta rẹ̀ ti wó. Ó ní àwọn kan gbà pé ibẹ̀ ni ilé ìjíròrò Kábíyèsí wà, àwọn mìíràn ní ibòmíì ni. Nínú ilé náà, ní òru mọ́jú ọjọ́ Jímọ̀, Kábíyèsí máa ń pe àwọn áfáà jọ kí wọ́n sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, kí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà lé lórí? Àga ni o! Ta ló máa jókòó níwájú, ta ló súnmọ́ ọba jù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di agboòrùn bàbá náà mú. Ẹni tó bá ti ṣe alága ẹgbẹ́ kankan ní Peckham mọ ìjà yẹn. Kábíyèsí wá pín ilé náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó ní kí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan jókòó sí apá tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ wá ń rìn láti apá kan dé èkejì, ó ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó pe àwọn Híńdù. Ó pe àwọn ẹlẹ́sìn Jéènì, tí wọn kì í pa eèrà. Ó ránṣẹ́ sí àwọn fadá láti Goa, etí òkun. Wọ́n gbé Bíbélì wá, Kábíyèsí gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀.

Ojú Ràṣídì là. "Ó wá di Kìrìsìtẹ́nì?"

"Rárá. Àwọn fadá bínú, wọ́n ní ó kọ̀, kò wọlé. Àwọn áfáà kan náà bínú, wọ́n ní ó ti jáde."

Kí n má parọ́, ara mi kò balẹ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ ẹni tó máa po ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ra. Mo bi Rafíkì pé, "Kí wá ni òun alára rí gbà nínú gbogbo rẹ̀?"

Ó gbé èjìká sókè. "Ó gbọ́ wọn, sà. Ṣé ohun kékeré ni kí ọba gbọ́ èèyàn?"

Láti ibẹ̀ a wọ àgbàlá mọ́ṣáláṣí Kábíyèsí. A bọ́ bàtà. Oòrùn ti pa òkúta náà, àwa àgbà méjì wá ń fẹsẹ̀ ta bí adìyẹ tó tẹ ẹ̀ṣẹ́ná. Láàárín àgbàlá pupa náà ni sàréè funfun kan wà, mábù tí wọ́n gbẹ́ bí léèsì, oòrùn ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé. Walíì kan, ẹni mímọ́ Ọlọ́run, ni wọ́n sin síbẹ̀. Kábíyèsí kò ní ọmọkùnrin tó yè, walíì yẹn ló sọ fún un pé yóò ní, ó sì ní. Ìdí nìyẹn tó fi wá kọ́ ìlú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó ń wá ọmọ ń wá so òwú pupa mọ́ ojú ihò mábù náà. Híńdù, Mùsùlùmí, àwọn Síìkì onírungbọ̀n, gbogbo wọn tò. Àṣé ẹ̀bẹ̀ tí Suresh ní nìyí.

Ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà na fìlà ike kan sí Ràṣídì, torí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìbo orí. Ràṣídì fà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tó ti gba Jésù, ṣíṣí ló ń ṣí fìlà níwájú Ọlọ́run, kò ní dé e. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ, I'll wait."

Mo ní, "Lọ sí ibo? Ọlọ́run nìkan ni mo ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lè lọ tọrọ lójú sàréè."

Ni Suresh bá wo èmi, ó wo Ràṣídì, ó kó bàtà rẹ̀ tó dì sínú ọ̀rá lé mi lọ́wọ́. "Níwọ̀n bí ẹ kò ti ní wọlé, sà, ẹ bá mi mójú tó o." Ó dé fìlà ike, ó mú òwú rẹ̀, ó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni alága ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àti pásítọ̀ ìjọ Ọlọ́run ṣe dúró lójú oòrùn ní India, tí wọ́n ń ṣọ́ bàtà abọ̀rìṣà. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ tutù, omijé ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó gba bàtà, ó dúpẹ́, ó ní, "Mo rò pé ẹ̀sìn yín yàtọ̀ síra. Ẹ̀sìn kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń ṣe, sà. Ẹ̀sìn A-kì-í-wọlé."

Ràṣídì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà tẹ̀ lé e. Láti ìgbà Ramadan, a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín.

Ẹnu ọ̀nà ńlá mọ́ṣáláṣí náà la gbà jáde. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi dùn mí, mi ò rí i tán. Ayé ga báyìí, tí èmi ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì kiri tí mo rò pé mo wà lókè! Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yí ẹnu ọ̀nà náà ká. Rafíkì tọ́ka síbì kan, ó túmọ̀ rẹ̀: Ísà ọmọ Màríà ní afárá ni ayé, gba orí rẹ̀ kọjá, má kọ́lé sí i.

Mo ní kó tún un sọ. Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo ayé, ọba Mùsùlùmí kọ ọ̀rọ̀ Ísà, ẹni tí àwọn Ràṣídì ń pè ní Jésù!

Ràṣídì ní, "Kò sí nínú Bíbélì o."

Mo ní, "Kò sí nínú Kùránì náà."

Rafíkì ní, "Síbẹ̀, ó wà lára ògiri."

Àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lé ní àádọ́ta. A jókòó sí àárín rẹ̀ kí eékún mi lè sinmi. Ọ̀rọ̀ ọba tó ń gbọ́ èèyàn ń jẹ mí lọ́kàn, ìtìjú sì ń mú mi.

Mo ní, "Ràṣídì, òróró yẹn. Kí lẹ wí nígbà tí ẹ ń ta á?"

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, láti Ramadan ni mo ti ń wait kí ẹ bi mí."

"Mo ti bi ọ́ báyìí."

"Mummy Fẹ́mi nínú àwọn ìyá ìjọ ló gbàdúrà yẹn. Wọ́n ní, 'Olúwa, gbogbo ẹni tó bá forí kanlẹ̀ níbí, tó ń sunkún sí Ọ, má jẹ́ kó dìde lọ́wọ́ òfo.' That's all. Wọn ò tiẹ̀ parí ẹ̀ ní orúkọ Jésù. Wọ́n ní kó má dà bíi pé àwọn ń rẹ́ yín jẹ. Àwọn sisters kan ṣì ń bínú sí wọn lórí ẹ̀ till now. But àwa náà ò bi yín kí a tó ta á. Ìyẹn ò dáa."

Mo ń ro gbogbo ẹni tó ti forí kan kápẹ́ẹ̀tì yẹn nínú Ramadan, tó ń bínú bó ṣe ń forí kanlẹ̀, èmi gan-an sì ni olórí wọn. Mo ra ìpápánu dídùn kan tí wọ́n ń pè ní petha, elégédé tí wọ́n fi ṣúgà sè, fún un, mo ní kó fún Mummy Fẹ́mi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà la padà dé. Takisí gba Kennington, òjò ń rọ̀, ọkọ̀ tò gẹ́rẹ́ gẹ́rẹ́ lórí ìlà, kò sẹ́ni tó fọn fèrè. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo sọ fún ẹgbẹ́ pé mi ò ní fọwọ́ sí i. Mo ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwa kò béèrè. Mo sọ àdúrà Mummy Fẹ́mi fún wọn bí mo ṣe gbọ́ ọ. Àwọn méjì bínú jáde, wọn kò tíì padà di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àwọn tó kù ní kí ìjọ dúró, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wí fún wa kí wọ́n tó da nǹkan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ gbọ̀ngàn náà nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́. Láàárín ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán ni mo máa ń wọlé, láti wò ó bóyá wọ́n ti kó àga kúrò. Mo wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn. Ràṣídì dìde, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Bàbá wa, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, áfáà ni wọ́n l'Ábẹ́òkúta. Bí wọ́n bá ń ṣe tafsíírù, tí wọ́n ń túmọ̀ Kùránì, àwọn èèyàn máa ń dúró sójú fèrèsé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú, kò sì sí ẹni nínú wa tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo, bí wọ́n ṣe máa ń fa ìparí rẹ̀ nílẹ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu Ràṣídì, kò yàtọ̀ rárá. Ọdún mẹ́fà ni bàbá mi fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ọmọ wọn sì wà níta, mò ń dúró kí wọ́n ṣe tán.